Òwú Búlúù Lọ́rùn Gáùn

"Ẹ̀ga, ó tó gẹ́ẹ́! Áyọ́ọ̀nù lo fi ń lọ aṣọ ni àbí ẹnu?"

Bàbá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ìdí tábìlì, níbi tó ti ń tiraka láti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀ga rẹ́rìn-ín, ó yí àpò ìrọ̀rí tó wà níwájú rẹ̀ padà, ó sì tún orin náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ga kọ́ ni orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ẹ̀ga kì í dákẹ́ lórí igi, ọmọ yìí náà kì í dákẹ́ nínú ilé, ni orúkọ bá lẹ̀ mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùkọ́ pàápàá fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Orin ẹnìkan ṣoṣo ló sì máa ń kọ. Àwòko ni wọ́n ń pe olórin náà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ máa ń wọni lára bí omi tútù lọ́sàn-án gangan. Kò tíì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kì í kọrin ní pápá ìṣeré ńlá. Inú yàrá kéékèèké ló ti máa ń kọrin, níbi tí ènìyàn ti lè rí i bó ṣe ń mí. Ẹ̀ga mọ gbogbo orin rẹ̀ lórí. Ó mọ ibi tó ti máa ń dánu dúró díẹ̀ kó tó gba ohùn òkè, ó sì mọ èyí tó máa ń fi ẹ̀rín parí.

Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ tó jẹ́ alágbàfọ̀. Tábìlì ìlọṣọ méjì ló wà níbẹ̀, àti ọ̀pá irin gígùn kan tí aṣọ kọ́ sí láti ògiri dé ògiri, àti fèrèsé kan tó kọjú sí títì. Òórùn ọṣẹ àti ti aṣọ gbígbóná kì í kúrò níbẹ̀. Ìyá Ẹ̀ga kò sí nílé lásìkò yìí; ẹ̀gbọ́n Ẹ̀ga ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ìlú mìíràn, ìyá sì ti lọ bá a tọ́jú ìkókó. Bàbá àti ọmọ ló kù tí wọ́n jọ ń bá aṣọ àwọn ènìyàn jà.

Alágbàfọ̀ yìí kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Òwú ló fi ń rántí. Kó tó ki aṣọ bọ omi, á so òwú kékeré kan mọ́ inú ọrùn rẹ̀. Òwú pupa, ẹni tó ni ín ń bọ̀ kíákíá. Òwú búlúù, ó di Mọ́ńdè. Òwú dúdú, ẹni tó ni ín kò dá ọjọ́. Kóòtù kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ní òwú dúdú lọ́rùn. Ọkùnrin kan ló gbé e wá nígbà tó ń múra ìgbéyàwó. Ó ti ṣègbéyàwó, ó ti bí ìbejì, kò tíì rántí kóòtù.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá kì í pariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹ̀ga ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tó ti ń rákò láàárín àwọn abọ́ ọṣẹ: a kì í fi aṣọ oníbàárà kan ara wa. Kì í ṣe pé a kì í wọ̀ ọ́ jáde nìkan, a kì í gbé e sáyà wo ara wa nínú dígí pàápàá. "Ẹni tó gbé aṣọ rẹ̀ fún alágbàfọ̀," bàbá á ní, "àṣírí ara rẹ̀ ló gbé fún un."

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé yìí, ọkùnrin kan tí wọn kò rí rí yọjú, ó na àpò bébà kan sí bàbá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ṣe èyí. Aṣọ tó ti pẹ́ ni, ẹni tó ni ín sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Àlejò ni wá. Mọ́ńdè la ó wá gbà á kí á tó máa lọ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni bàbá fèsì. Ó so òwú búlúù mọ́ ọn.

Nígbà tó tú aṣọ náà jáde tán, orin já lẹ́nu Ẹ̀ga. Gáùn ni, aláwọ̀ ewé tó jìn, ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ tó ń dán tò sí apá rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, ó sì sá a síbi tí oòrùn kò dé. Ẹ̀ga rí i nígbà tó ń kọjá lọ, ó sì tún padà wá rí i.

Kí ẹ má baà sọ pé ojúkòkòrò ló bí i, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ọmọ Dókítà, nítorí iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó fa tíkẹ́ẹ̀tì méjì yọ láti inú ìwé rẹ̀, ó fi wọ́n fẹ́ ojú Ẹ̀ga.

"Àwòko ń bọ̀ lọ́la! Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ìlà iwájú ni o. Ta ni mo tún fẹ́ mú lọ bí kò ṣe ìwọ?"

Ẹ̀ga fò, ó kígbe, ó dì mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá fi ohùn jẹ́jẹ́ kún un, ohùn tí a fi ń bu iyọ̀ sójú egbò ẹni láìmọ̀: "Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, Ẹ̀ga mi, má wọ gáùn òfeefèé yẹn wá o. O mọ̀ pé òun la máa ń rí lára rẹ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n á ya fọ́tò wa. Má jẹ́ kí ojú tì mí."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ga náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín lásán ni.

Ní ọ̀sán Sátidé, bàbá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ ibùsùn. Ẹ̀ga wọ ṣọ́ọ̀bù. Gáùn náà ti gbẹ, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó kọ́ sí ìparí ọ̀pá irin nítòsí ilẹ̀kùn. Ẹ̀ga yí ọrùn rẹ̀ wò. Òwú búlúù. Mọ́ńdè! Bó bá wọ̀ ọ́ lónìí, tó rọra fi omi nù ún lálẹ́, tó tún un lọ̀ kí bàbá tó jí, ta ni yóò mọ̀?

Ọmọ alágbàfọ̀ tó mọ iṣẹ́ yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ kan: aṣọ Mọ́ńdè, kí ló dé tí wọ́n fi ti lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé? Bàbá kì í lọ aṣọ Mọ́ńdè títí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó má baà tún rún. Ẹ̀ga mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan ń wọ̀ lójú kì í bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè. Ó ní orí òun ló ń bá òun ṣe é. Ó ká gáùn náà sínú báàgì ìwé rẹ̀, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

"Bàbá mi, mò ń lọ sílé Ọmọ Dókítà. A fẹ́ jọ ka ìwé ìdánwò."

Bàbá yọ ohun tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ó dára, Ìyá mi." Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, nítorí ó jọ ìyá tó bí bàbá náà bí ìmumu. "Ọlọ́run á ṣí ọ níyè. Mú búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì dání. Ebi kì í jẹ́ kí ìwé wọlé."

Ẹ̀ga mú búrẹ́dì náà. Ó fi sórí gáùn nínú báàgì, ó sì yára rìn lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Nílé Ọmọ Dókítà ló ti pààrọ̀ aṣọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ la ẹnu, kò rí i pa dé.

"Ẹ̀ga! Níbo lo ti rí èyí?"

"Àbúrò màmá mi ló fi ránṣẹ́ sí mi."

Irọ́ kejì nìyẹn, ó sì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òwú búlúù náà ń rìn ín lọ́rùn, ó fi ìka tì í wọnú. Kò já a, nítorí kò fẹ́ kí bàbá mọ̀ pé nǹkan kan ṣe aṣọ náà.

Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà ni Àwòko ti fẹ́ kọrin. Òórùn pákó tuntun gba gbogbo ibẹ̀. Àga ilé ìwé ni wọ́n tò síbẹ̀, wọ́n sún mọ́ra débi pé bí ẹnìkan bá sín, ará iwájú rẹ̀ á nu ọrùn. Pèpéle ibẹ̀ kò ga ju àpótí ìjókòó lọ. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀gbẹ́ pèpéle náà gan-an ló sì wà. Ẹ̀ga àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí iwájú pátápátá. Àwọn ènìyàn ń wo gáùn rẹ̀, obìnrin kan sì ní, "Ọmọ yìí mà mọ aṣọ wọ̀ o." Ara Ẹ̀ga yá gágá. Ó na apá rẹ̀ sílẹ̀ kí bọ́tìnnì yẹn lè máa dán.

Wọ́n retí títí, Àwòko kò jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Nígbà tó jáde níkẹyìn, ṣòkòtò jíǹsì àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun lásán ló wà lára rẹ̀, onígìtá rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Àtẹ́wọ́ sọ. Ẹ̀ga pa á ju gbogbo wọn lọ, títí ó fi rí ojú onígìtá náà. Ọkùnrin ọjọ́ Fúráìdé ni. Ọwọ́ Ẹ̀ga dúró ní agbedeméjì.

"Ẹ má bínú o," ni Àwòko wí, "pé aṣọ ìrìnàjò ni mo wọ̀ bá yín. Tíì dànù sára èyí tí mo fẹ́ wọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo wá ní, ó dára, gáùn màmá mi tí a gbé fún alágbàfọ̀ ni n ó wọ̀. Màmá mi ló kọ́ mi lórin. Ó ti sùn lọ́dún tó kọjá. Mo rò pé bóyá òun ló fẹ́ bá mi jáde lónìí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àárọ̀ yìí la ránṣẹ́ lọ bá bàbá náà pé a kò lè dúró di Mọ́ńdè mọ́. Ó ṣe é parí kíá, ó gbé e kọ́. Ìgbà tí a dé ibẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí aṣọ. Ẹ wo bàbá yẹn, ṣe ló ń gbọ̀n. Ó tú gbogbo aṣọ palẹ̀, ó ní bóyá òun ti ṣèèṣì gbé e fún ẹlòmíràn, ló bá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń ti ilé dé ilé béèrè. Nítorí náà, ẹ bá mi gba..."

Ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti bọ́ sára Ẹ̀ga.

Ẹ̀ga rí i bí ojú náà ṣe gba orí bọ́tìnnì kọjá, tó gùn dé ọrùn, tó wá dé ojú òun fúnra òun. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Àwòko yíjú sí onígìtá rẹ̀. "Bẹ̀rẹ̀," ni gbogbo ohun tó sọ.

Báyìí ni Ẹ̀ga ṣe gbọ́ olórin tó fẹ́ràn jù láyé. Ohun tó ti ń lá lálàá fún ìgbà pípẹ́ ń ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó rí òógùn níwájú orí Àwòko, ó rí bó ṣe ń mí, kò sì gbádùn ẹyọ kan. Ìtìjú ti dí etí rẹ̀. Kò lè sá, nítorí ẹni tó bá máa jáde gbọ́dọ̀ fi ara kan olórin kọjá. Ó ká apá rẹ̀ sáyà kó lè fi bọ́tìnnì pamọ́, àfi bí ẹni tó fẹ́ fi ewé kan ṣoṣo bo ilé. Nígbà tí wọ́n dé orí orin tó mọ̀ jù, tí Àwòko na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí àwọn èèyàn kí wọ́n gbè é, Ọmọ Dókítà fi ìgúnpá gún un.

"Orin rẹ nìyí! Kí ló ṣe ọ́?"

Ẹ̀ga ṣí ẹnu. Ohùn kò jáde.

Inú èrò ìsálọ ló wà, pé bí orin bá parí òun á já gba àárín èrò, òun á sáré délé, òun á sọ gáùn náà sábẹ́ tábìlì bí ẹni pé ó já bọ́ síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá rẹ̀ ló wọlé.

Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, aṣọ kan tí wọ́n fi bébà funfun wé wà lọ́wọ́ kejì. Eruku ti bo bàtà rẹ̀. Kò wo àwọn èèyàn rárá. Orin dá. Bàbá gun orí pèpéle, níwájú gbogbo èrò, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tí kò tó àkọ́bí rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣàánú mi. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, mo ti gbé e fún ẹni tí kò ni ín. Mo ti dé gbogbo ilé tí mo mọ̀, mi ò rí i. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí." Ó ti aṣọ ọwọ́ rẹ̀ síwájú lórí ilẹ̀. "Gáùn ìyàwó mi rèé, òun nìkan ló fi ń jáde. Mo mọ̀ pé kò tó tiyín. Ẹ ṣáà máa fi bora kí ẹ má kọrin báyìí, títí n ó fi rí i."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Òmíràn ní, "Alágbàfọ̀ wọ̀nyí! Ó ti tà á jẹ, ẹkún ló ń sun yẹn."

Àwòko ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di bàbá mú lápá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Bí ó sì ṣe ń sọ ọ́, ó gbé ojú sókè, ó wo Ẹ̀ga. Kò nàka. Ó kàn ń wò ó, ó ń dúró.

Ẹ̀ga mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, bàbá òun ò ní rí òun. Yóò dìde, yóò lọ sílé, yóò sì gbà títí dọjọ́ ikú pé ojú òun ló fọ́, pé ọwọ́ òun ló sọ aṣọ oníbàárà nù. Ó tún gbọ́ ẹ̀rín ẹni tó wà lẹ́yìn. Ó dìde dúró.

"Bàbá mi, ẹ dìde nílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni. Èmi ni mo jí i wọ̀."

Bàbá yíjú padà láti ilẹ̀ tó wà. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo gáùn náà láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ohun tó dun Ẹ̀ga jù lọ ni pé ayọ̀ ló kọ́kọ́ hàn lójú bàbá, ayọ̀ pé aṣọ oníbàárà kò sọnù. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ wá ṣú, tó sì sọ orí kọ́.

"Ìyá mi," ló ní, "ìwé tí ẹ ní ẹ ń kà nìyí?"

Ẹ̀ga bú sẹ́kún. Nígbà tó ń gun orí pèpéle, ó gbọ́ ohùn Ọmọ Dókítà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Mi ò mọ̀ o. Èmi náà ò mọ̀." Àwòko fi ọwọ́ dì í léjìká, ó mú un lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé tí wọ́n ta sẹ́yìn pèpéle.

"Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti rí ọ," ni Àwòko wí nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì dẹ̀. "Má rò pé torí tìẹ ni mo ṣe dákẹ́. Aṣọ màmá mi kì í ṣe ohun tí n ó máa fà mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lára níta gbangba. Ṣùgbọ́n ká ní o jẹ́ kí bàbá yẹn lọ sílé báyẹn ni, ǹ bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ dárí jì mí, mà." Orí ìkúnlẹ̀ ni Ẹ̀ga wà.

"Bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Abíyá gáùn náà ti tutù fún òógùn ìbẹ̀rù, kò ṣeé wọ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Aṣọ Ẹ̀ga fúnra rẹ̀ sì wà nínú báàgì rẹ̀ nílé Ọmọ Dókítà. Àwòko ronú díẹ̀, ó jáde, ó sì gbé aṣọ tí bàbá mú wá wọlé. Ó tú bébà rẹ̀. Gáùn àlùkò ìyá Ẹ̀ga ni, bàbá ti lọ̀ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé e fún ọba.

"Wọ èyí. Tìrẹ nìyí."

Ẹ̀ga wọ aṣọ tí bàbá rẹ̀ gbé wá láti fi gba orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó tóbi jù ú, èjìká rẹ̀ ń yọ̀. Òórùn ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ díẹ̀, lábẹ́ òórùn ọṣẹ. Àwọn àgbà ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fúnni, á ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Èyí ṣo ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bọ́ ọ lára rẹ̀. Bó ṣe ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀, ó rí i tí Àwòko tẹ́ gáùn aláwọ̀ ewé náà sórí àga kan lórí pèpéle, tó yíjú sí i, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fún un. Wọ́n dé ìdí àtẹ̀gùn kó tó gba ohùn òkè. Ẹ̀ga gbọ́ ọ láti ìta.

Bàbá ń ti kẹ̀kẹ́, Ẹ̀ga ń tẹ̀lé e. Kò bú u, kò nà án. Ẹ̀ga ìbá fẹ́ kó na òun. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ẹ̀ délé ni bàbá tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé tìtorí aṣọ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá mi. Wọ́n ní kí n má wọ òfeefèé mi wá."

Bàbá dá kẹ̀kẹ́ dúró. "Ìwọ ò wá lè sọ fún mi? Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ǹ bá ti dín gáùn yìí kù sí ọ lára lálẹ́ àná. Inú ìyá rẹ ì bá dùn." Ó mi orí. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Ìyá mi. Ìwọ gba ilé kọjá."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ẹ̀ga gbé sùn, òun náà ló sì gbé jí.

Bàbá tún gáùn náà fọ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè, Ẹ̀ga nìkan ni bàbá ní kó gbé e lọ, kó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹni tó ni ín. Àwòko gbà á, ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó rí òwú búlúù tó ṣì wà níbẹ̀, kò já a. "Ó dàbọ̀," ló sọ, ó sì wọ ọkọ̀. Nílé ìwé, Ọmọ Dókítà gbé báàgì Ẹ̀ga kalẹ̀ sórí tábìlì Ẹ̀ga láìwo ojú rẹ̀, ó sì kó lọ jókòó síbòmíràn. Búrẹ́dì tí bàbá fún un ṣì wà nínú báàgì náà. Ó ti le bí òkúta. Àwọn ọmọ kíláàsì ti gbọ́ nípa òwú ọrùn gáùn náà, wọ́n ti fún Ẹ̀ga ní orúkọ tuntun, Olówùú Búlúù, kò sì lè dá wọn lẹ́kun.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn. Kó tó di ìparí ọ̀sẹ̀, àwọn oníbàárà ti ń wá. Wọ́n ń yẹ abíyá aṣọ wọn wò, wọ́n ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti ń gbé aṣọ funfun rẹ̀ wá láti ìgbà tí Ẹ̀ga ti wà ní kékeré wọlé, ó bá Ẹ̀ga pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó fa aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fọwọ́ kan tèmi o."

"Ọmọ mi ló ń so òwú báyìí," ni bàbá fèsì. "Ojú mi ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́."

Nọ́ọ̀sì ká aṣọ rẹ̀ sábẹ́ apá, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá kò pè é padà. Kò sì wo Ẹ̀ga. Ó kàn na aṣọ tó kàn sí i pé kó so ó. Abẹ́rẹ́ gún Ẹ̀ga níka bó ṣe ń so ó.

Ó pẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹn tó padà. Nígbà tó dé, Ẹ̀ga ló gbé aṣọ náà lé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó dúró tì í títí ó fi so òwú rẹ̀ tán.

"Òwú pupa, mà," ni Ẹ̀ga wí. "Ìrọ̀lẹ́ òní."

"A máa rí i," ni nọ́ọ̀sì fèsì. Ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ rẹ̀ ń dúró dè é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá Ẹ̀ga rìn dé ibí, ẹ wò ó dáadáa: kò sẹ́ni tó fi tipátipá wọ gáùn náà fún un. Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ lásán ló bà á lẹ́rù, ló bá lọ ra ẹ̀sín tó ju ẹ̀rín lọ, ó sì fi bàbá rẹ̀ kún un. Ohun tí kì í ṣe tiwa, bó ti wù kó yẹ wá tó, ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá dé, ìhòòhò la wà. Orúkọ rere sì dà bí aṣọ funfun: ìṣẹ́jú kan ló ń gbà láti dọ̀tí, fífọ̀ rẹ̀ ló ń pẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, rédíò ará ilé kejì gbé orin Àwòko. Ẹ̀ga ń lọ àpò ìrọ̀rí lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì gbóná bí áyọ́ọ̀nù tó dì mú. Ó tẹ orí rẹ̀ ba. Bàbá tó wà nídìí tábìlì gbé ojú sókè.

"Ẹ̀ga," ló pè é, "orin dà?"

Ẹ̀ga kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Nígbà tó wá gbé orin náà, ohùn kékeré ló fi gbé e, ohùn ẹni tó ń tọrọ ààyè.